Lẹ́tà wo ló wà nínú àṣíborí irin ọmọ ogun Jámánì yìí: ET64 ni, àbí EF64?

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Leicester

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìyá àgbàlagbà kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi ní Leicester ni ó bẹ̀ mí ní oṣù tó kọjá pé kí n bá òun palẹ̀ gáréèjì ọkọ òun tó ti di olóògbé mọ́. Lábẹ́ àwọn agolo ọ̀dà tí a kó jáde ni mo ti rí àṣíborí irin kan tí wọ́n fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wé. Ìyá náà ní ọkọ òun wà lára àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wọ ilẹ̀ Jámánì ní 1945, pé ibẹ̀ ni ó ti gbé e wálé, àti pé òun kò fẹ́ kí ó padà wọ inú ilé òun mọ́. Ó ní kí n máa mú un lọ. N kò mọ ohunkóhun nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti kúrò lára rẹ̀.

Ohun tí mo rí nìyí. Ọ̀dà rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú tó fẹ́ fara jọ àwọ̀ ewé. Wọ́n ká etí rẹ̀ wọnú yíká, kò ṣá ènìyàn lọ́wọ́ rárá. Ihò atẹ́gùn kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, etí ihò náà sì ru sókè díẹ̀. Nínú lọ́hùn-ún, ní ẹ̀gbẹ́ òsì, òǹtẹ̀ kan wà tí mo kọ́kọ́ kà sí ET64, ṣùgbọ́n bí mo bá yí iná padà, ó máa ń dà bí EF64, nítorí pé ọ̀dà ti dí i. Ní ẹ̀yìn ọrùn, nọ́ńbà mẹ́rin mìíràn wà níbẹ̀ tí èyí tó gbẹ̀yìn kò hàn dáadáa. Lára irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó di awọ inú rẹ̀ mú, wọ́n kọ 64 n.A. 57. Àjẹkù àwòrán ẹyẹ idì kan sì wà níta, ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Mo fi fọ́tò òǹtẹ̀ náà sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Ọkùnrin kan tó ń ta ohun àtijọ́ ní ọjà ọjọ́ Àìkú sọ fún mi pé 64 yẹn ni ọdún tí wọ́n ṣe é, pé kì í ṣe ti ogun. Ẹlòmíràn ní nọ́ńbà ọmọ ogun tó dé e ni nọ́ńbà ẹ̀yìn ọrùn. Ẹ jọ̀wọ́, ilé-iṣẹ́ wo ló ṣe é, báwo sì ni mo ṣe lè mọ̀ pé kì í ṣe ayédèrú?

Alágbẹ̀dẹ Oǹdó

Ẹ kú oríire. Ẹ má dá ọkùnrin ọjà yẹn lóhùn, 64 kì í ṣe ọdún. Ìwọ̀n ìkarahun irin náà ni, ní sẹ̀ǹtímítà. 60, 62, 64, 66 àti 68 ni a máa ń rí, 70 sì ṣọ̀wọ́n gan-an. Bí ó bá jẹ́ ọdún ni, kí ló dé tí kò sí 63 tàbí 65 rí?

57 tó wà lára irin inú ni ìwọ̀n orí ẹni tí yóò dé e. Ìkarahun 64 ni ó ń gba orí 56 àti 57, ìkarahun 66 sì ń gba 58 àti 59. Nítorí náà, 64 àti 57 tí ẹ rí bá ara wọn mu. Ká ní 66 ni ẹ rí lára irin inú náà, à bá mọ̀ pé ẹnì kan ti yọ inú rẹ̀ pààrọ̀. Ẹ tún wo awọ náà fúnra rẹ̀, nítorí pé wọ́n máa ń tẹ ìwọ̀n orí sí ara rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìyá Ìbejì, Kassel

Ẹ kú ìjókòó. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbé ní Jámánì, ọkọ mi sì jẹ́ ọmọ ibí tí bàbá rẹ̀ kó irú nǹkan wọ̀nyí jọ, nítorí náà mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ yìí lórí oúnjẹ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

Ilé-iṣẹ́ márùn-ún ni ẹ ní láti mọ̀ nípa àwọn àṣíborí tí wọ́n ṣe láti 1935 títí ogun fi parí. ET ni Eisenhüttenwerke ní Thale, ní agbègbè òkè Harz. Q ni ilé-iṣẹ́ F. W. Quist ní Esslingen, tí kò jìnnà sí Stuttgart. NS ni Vereinigte Deutsche Nickelwerke ní Schwerte. SE ni Sächsische Emaillier- und Stanzwerke ní Lauter, ní ilẹ̀ Saxony. EF sì ni Emaillierwerke ní Fulda, ìlú tí mo ń gbà kọjá nígbàkígbà tí mo bá ń lọ sí Frankfurt. Ẹ ó rí i pé lẹ́tà kejì nínú EF dúró fún orúkọ ìlú, bí ó ti rí nínú ET pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi jọra tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un tí ó máa ń yà mí lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ilé ìyá àgbà yín mọ abọ́ tánganran funfun tó ní etí búlúù, èyí tí ó bá já bọ́ lulẹ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ á bó, tí irin dúdú á yọjú. Iṣẹ́ Emaillierwerke nìyẹn gan-an: ìkòkò, abọ́ àti ife tíì tí a fi irin ṣe. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó lè tẹ irin pẹlẹbẹ kan ṣoṣo di ìkòkò jíjìn láìjẹ́ kí ó ya, ó ti ní ìdajì iṣẹ́ àṣíborí lọ́wọ́. Ó jọ pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ náà fún irú àwọn tó ń ṣe abọ́ báyìí.

Ní ti n.A. tó wà lára irin inú, "neuer Art" ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "irú tuntun". Kì í ṣe orúkọ ẹni tó ṣe é. Orúkọ ẹni tó ṣe irin inú náà tún wà níbòmíràn lára rẹ̀, ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ sì ni ó sábà máa ń jẹ́, irú bíi Schuberth ní Braunschweig. Ẹ má jẹ́ kí ó dà yín láàmú bí orúkọ méjì bá wà nínú àṣíborí kan.

Ẹ̀gbọ́n Peckham

Àbúrò, ET ni. Mo ti ra mẹ́rin láti 2009, ET àti Q ni gbogbo wọn, mi ò tíì fọwọ́ kan EF rí. Ẹ mú sáńpépà tó kúnná, ẹ rọra fi ra ojú òǹtẹ̀ náà, lẹ́tà á sì jáde.

Mo tún fẹ́ kìlọ̀ fún ẹni tó bá ń ka ìjíròrò yìí. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n lu ckl tàbí hkp sí, ẹ sá fún un, nítorí pé kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú márùn-ún tí Ìyá Ìbejì kà sílẹ̀. Bí ẹ bá sì rí ET, ogun Hitler ló ti wá láìsí àní-àní. Bàbá àgbà mi pàápàá gbé àṣíborí Jámánì kan wá láti Bọ́mà ní 1946. Abúlé ló wà títí di òní.

Olùkọ́ Ìtàn, Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bọ́mà yìí ń fẹ́ àtúnṣe kí àwọn ọ̀dọ́ má baà gbé e kiri. Àwọn ọmọ ogun wa tó wà nínú ẹgbẹ́ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọkànlélọ́gọ́rin àti ìkejìlélọ́gọ́rin bá àwọn ará Japan jà ní Bọ́mà. Ṣáájú ìyẹn, ní 1940 sí 1941, àwọn ará Ítálì ni wọ́n bá jà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Wọn kò pàdé ọmọ ogun Jámánì ní ibì kankan nínú méjèèjì.

N kò sọ pé bàbá àgbà yín purọ́ o. Ó ṣeé ṣe kí ó gbé àṣíborí wálé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ti Japan. Ẹ lọ wò ó: ti Japan rí roboto bí igbá tí a dojú rẹ̀ bolẹ̀, etí rẹ̀ kò bo etí ènìyàn àti ẹ̀yìn ọrùn bí ti Jámánì, àmì ìràwọ̀ sì sábà máa ń wà níwájú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ohun ìrántí tó níye lórí ju ti Jámánì lọ fún ìdílé yín ni, nítorí pé ogun tí bàbá yín jà gan-an ni ó ti wá.

Akoto Mẹ́ta, Houston

Mo bọ̀wọ̀ fún Ẹ̀gbọ́n Peckham, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni mo rí nínú ọ̀rọ̀ wọn tó lè ná ẹlòmíràn ní owó ńlá, mo sì fẹ́ kí a tún un ṣe níbí kí ó tó tàn kálẹ̀.

Èkínní ni ckl àti hkp. Nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́, ìjọba Jámánì fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní lẹ́tà àṣírí kí àwọn ọ̀tá má baà mọ ibi tí nǹkan ti ń jáde. Thale tó ń lu ET tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lu ckl, Lauter tó ń lu SE sì bẹ̀rẹ̀ sí lu hkp, nígbà tí Quist ń bá Q tirẹ̀ lọ. Nítorí náà, ckl64 kì í ṣe ayédèrú nítorí lẹ́tà rẹ̀. Ohun tí yóò jẹ́ kí n fura ni bí wọ́n bá lu ckl sínú àṣíborí tí ìrísí rẹ̀ jẹ́ ti ṣáájú ogun.

Ìkejì ni pé ET kò túmọ̀ sí ogun Hitler nìkan. Thale ti ń ṣe àṣíborí irin láti ogun àgbáyé kìíní, lẹ́yìn tí Dókítà Friedrich Schwerd ti ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Hannover ya àpẹẹrẹ rẹ̀, tí wọ́n sì kó o dé ojú ogun Verdun, ní ilẹ̀ Faransé, ní 1916. Lẹ́tà ET wà nínú ti ìgbà náà, Q náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà àwọn mìíràn bíi Si àti TJ tí ẹ kò ní rí mọ́ lẹ́yìn 1935. Ara ni ẹ ó fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀, kì í ṣe lẹ́tà. Ti 1916 ní ohun méjì tó yọ síta bí ìwo kékeré ní ẹ̀bá iwájú orí, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé, etí rẹ̀ sì gùn sísàlẹ̀ ju ti 1935 lọ. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ṣe ní ìgbà ogun kìíní, tí wọ́n tún fi awọ inú tuntun sí lẹ́yìn náà fún àwọn ọmọ ogun Hitler. Bí ẹnì kan bá ka ET nìkan, tí kò wo ara, yóò ṣi ogún ọdún kà.

Ìkẹta ni sáńpépà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é! Inú ọ̀dà tó dí lẹ́tà náà ni ẹ̀rí yín wà. Ní ilé-iṣẹ́, wọ́n máa ń lu òǹtẹ̀ sí irin nígbà tí ara rẹ̀ ṣì wà ní ìhòòhò, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó kun ún ní ọ̀dà. Ọ̀dà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ti wọ inú kòtò lẹ́tà náà, kí ó sì dákẹ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí àti òróró orí ọgọ́rin ọdún. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú sábà máa ń lu òǹtẹ̀ sórí ọ̀dà tó ti gbẹ, tí ọ̀dà náà á sì sán ní etí lẹ́tà, tí irin dídán á máa tàn nísàlẹ̀ kòtò rẹ̀. Mo ti rí ọ̀kan bẹ́ẹ̀ lójú ara mi: lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, ìdí lẹ́tà Q rẹ̀ ń dán bí kọ́bọ̀ tuntun, nígbà tí gbogbo àyíká rẹ̀ ti dógùn-ún pátápátá. Ẹni tó bá fi sáńpépà ra ojú òǹtẹ̀ gidi, ó ti sọ gidi di ohun tó jọ ayédèrú, kò sì sí ẹni tó lè bá a dá a padà mọ́.

Ní ti ọjọ́ orí àṣíborí yín, Ọmọ Ọ̀yọ́, àwọn ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ ti sọ púpọ̀ fún wa. Àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní 1935 ní òrùka irin kékeré ọ̀tọ̀ tí wọ́n fi sínú ihò atẹ́gùn. Láti 1940, wọ́n pa òrùka náà tì, wọ́n sì tẹ etí ihò náà jáde lára ìkarahun fúnra rẹ̀, kí iṣẹ́ lè yá. Láti 1942, wọ́n tún dín iṣẹ́ kù: wọn kò ká etí àṣíborí wọnú mọ́, wọ́n kàn fi í sílẹ̀ bí ẹ̀rọ ti gé e, tí ó sì rọ̀ síta díẹ̀. Ti yín ní etí kíká. Ẹ wá bá wa wo ihò náà dáadáa: ṣé òrùka kan wà tí a lè fi èékánná fọwọ́ kan etí rẹ̀ nínú, àbí irin kan náà ni láti òkè wá?

Nọ́ńbà ẹ̀yìn ọrùn kì í ṣe ti ọmọ ogun. Nọ́ńbà ìdì irin ni, èyí tí wọ́n fi ń mọ irin tí wọ́n jọ ṣe pọ̀ ní ìgbà kan náà. Lára àwọn mìíràn, lẹ́tà D tàbí DN máa ń ṣáájú rẹ̀. Ọmọ ogun tó bá fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀, ọwọ́ ni yóò fi kọ ọ́, pẹ̀lú ọ̀dà tàbí yíǹkì, sí ẹ̀yìn ọrùn nínú tàbí sára awọ.

Ẹ̀gbọ́n Peckham

Mo gbà lórí ckl, mo sì dúpẹ́, torí pé mo ti kọ ọ̀kan sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá nítorí rẹ̀, ó sì ń dùn mí báyìí. Ti Bọ́mà, màá pe ẹ̀gbọ́n mi tó wà nílé kí ó ya fọ́tò rẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n ET ni mo ṣì rí nínú fọ́tò Ọmọ Ọ̀yọ́ o.

Alágbẹ̀dẹ Oǹdó

Fọ́tò tí wọ́n fi iná tààrà yà kò lè dá ẹjọ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwa tó ń ṣiṣẹ́ irin ṣe ń ka nọ́ńbà ẹ̀ńjìnnì tó ti parẹ́. Ẹ pa iná yàrá náà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì gbé e dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹtẹ̀ náà débi pé iná rẹ̀ á máa fara ra irin lọ bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣe ń fara ra ilẹ̀. Gbogbo kòtò, bí ó ti wù kí ó kéré tó, yóò ní òjìji. Ẹ yí tọ́ọ̀ṣì náà ká òǹtẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin, láti òkè, láti ìsàlẹ̀, láti ọ̀tún àti láti òsì, nítorí pé ìlà tó dùbúlẹ̀ kì í ní òjìji nígbà tí iná bá ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ìlà tó dúró kì í sì í ní òjìji nígbà tí iná bá ń bọ̀ láti òkè.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ tẹ́ ẹ lé òǹtẹ̀ náà, kí ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsù tó rọ̀ rà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ohun tí ẹ ń wá nìyí. T ní ìlà orí tó yọ sí apá méjèèjì ẹsẹ̀ rẹ̀. F kì í yọ sí apá òsì rárá, ó sì ní ìlà kékeré láàárín. Ẹ má wo ìlà àárín nìkan, nítorí pé ìpáàrà tàbí ibi tí nǹkan ti ha irin lè ṣe bí ìlà àárín. Apá òsì ìlà orí ni kí ẹ gbé ìdájọ́ lé.

Ẹlòmíràn lè sọ fún yín pé kí ẹ fi fínígà nù ún. Ẹ má gbà. Fínígà ń jẹ irin, kì í sì í dúró níbi tí a bá ní kí ó dúró.

Sísí Èkó

Ẹ má bínú sí mi. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti òkè, ìmọ̀ yín sì wú mi lórí, ṣùgbọ́n inú mi kò balẹ̀. Àwọn tó dé àṣíborí yìí ṣe ibi tí ayé kò ní gbàgbé láé. Kí ni ọmọ Yorùbá ń fi í ṣe nínú ilé?

Ìyá Ìbejì, Kassel

Ìbéèrè tó yẹ ni, Sísí, mo sì ti bi ọkọ mi ní irú rẹ̀ rí. Èsì tí mo rí fún ara mi ni pé ohun tí kò ní orúkọ ni irọ́ máa ń rọrùn láti pa mọ́. Nígbà tí mo mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ abọ́ àti ìkòkò tó wà ní ìlú tí mo ń gbà kọjá ni ó ṣe é, mo mọ̀ pé ogun náà kò ti ojú ọ̀run bọ́. Ọwọ́ àwọn ènìyàn tó ń jí lọ sí ibi iṣẹ́ láràárọ̀ ni ó ti jáde, àti ọwọ́ àwọn tí wọ́n fi tipá kó wá láti ilẹ̀ mìíràn ṣe iṣẹ́ ogun ní Jámánì nígbà náà.

Mo sì ní ìkìlọ̀ kan fún Ọmọ Ọ̀yọ́. Àwòrán idì tó wà lára rẹ̀ di àmì àwọn Násì mú ní ẹsẹ̀. Ní Jámánì níbí, abala 86a nínú òfin ìwà ọ̀daràn kò fàyè gba fífi àmì bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba, àyàfi nítorí ẹ̀kọ́, ìwádìí, iṣẹ́ ọnà tàbí ìròyìn ìtàn. Bí ẹ bá máa fi fọ́tò rẹ̀ síta níbòmíràn, ẹ bo àmì náà. Bí ẹ bá sì ń bọ̀ wá kí wa, ẹ má gbé e sínú ọkọ̀ wá o.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Leicester

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ṣe é lálẹ́ àná lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti sùn.

Mo kọ́kọ́ wo ihò atẹ́gùn. Mo fi èékánná wá etí òrùka nínú àti níta, n kò rí i. Irin kan náà ni, ó kàn ru sókè bí ìgbà tí a fi ìka ti ìyẹ̀fun láti abẹ́. Mo gbé òòfà kékeré tí ìyàwó mi fi ń ṣa abẹ́rẹ́ sára irin inú, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Wọ́n tẹ 57 sára awọ pẹ̀lú. Okùn abẹ́ àgbọ̀n ti gé ní apá kan, ṣùgbọ́n 1941 ṣì wà lára èyí tó kù.

Nígbà tó kan òǹtẹ̀, mo pa iná, mo gbé tọ́ọ̀ṣì dùbúlẹ̀ bí Alágbẹ̀dẹ ti wí. Láti ẹ̀gbẹ́, kò yé mi. Láti òkè, ìlà méjì dúró gbangba lára lẹ́tà kejì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàárín, àwọn méjèèjì sì lọ sí apá ọ̀tún nìkan. Ní òsì ẹsẹ̀ lẹ́tà náà, irin náà dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, kò sí kòtò kankan. Mo ra pẹ́ńsù sórí ìwé lẹ́ẹ̀mẹta, ohun kan náà ni ó ń jáde. EF64 ni. Ọ̀dà eérú náà sì wà nísàlẹ̀ kòtò lẹ́tà náà, ó nípọn níbẹ̀ ju ti àyíká rẹ̀ lọ, kò sì sán ní etí kankan. Mo fi fọ́tò ìwé pẹ́ńsù náà sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ̀yin náà lè rí i.

Ẹ̀gbọ́n Peckham

Mo ti rí ìwé náà. EF ni. Mo juwọ́ sílẹ̀, Àbúrò.

Akoto Mẹ́ta, Houston

EF ni lóòótọ́, ti Fulda. Gbogbo ẹ̀rí yòókù sì ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Etí kíká àti ihò tí kò ní òrùka gbé e sí àárín 1940 sí 1942. Òòfà tó lẹ̀ mọ́ irin inú bá a mu pẹ̀lú, nítorí pé alumíníọ̀mù ni wọ́n ń lò kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó yí i sí irin tí wọ́n fi síǹkì bò, òòfà kì í sì í lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù. 1941 tó wà lára okùn náà jókòó sí àárín gan-an. Ó tún ku idì. Títí di 1940, àṣíborí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ní àwòrán méjì, idì ní òsì àti apata aláwọ̀ dúdú, funfun àti pupa ní ọ̀tún. Àṣẹ jáde ní oṣù kẹta 1940 pé kí wọ́n yọ aláwọ̀ mẹ́ta náà, idì nìkan ni ó sì kù títí tí àṣẹ mìíràn fi pa òun náà tì ní oṣù kẹjọ 1943. Ti yín ní ẹyọ kan ní òsì, bí ó ti yẹ kí ó rí.

Lórí idì nìkan ni mo ti fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra. Àwòrán yẹn ni ó ń gbé owó wọn ga, òun sì ni àwọn oníṣẹ́ ayédèrú ń lẹ̀ mọ́ àṣíborí gidi jù lọ. Ìkarahun lè jẹ́ òótọ́ kí idì jẹ́ irọ́. Ti yín ti jẹ tó ìdajì, ó sì wà nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ tó wà lára ìwé ìròyìn náà bí ẹ bá ṣì ní in.

Ẹ má fi òróró kankan pa awọ náà, bó ti wù kí ó gbẹ tó. Òróró yóò mú kí ó rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni àwọn ahọ́n awọ mẹ́jọ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí já ní ibi tí wọ́n lu ihò sí. Ẹ gbé e sí ibi gbígbẹ tí oòrùn kò tàn sí, kí ẹ má sì fi orí rẹ̀ kọ́ ìṣó. Lákòótán, ẹ padà lọ bá ìyá náà nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ ṣì mú. Ẹ bi í pé ẹgbẹ́ ogun wo ni ọkọ rẹ̀ wà àti ìlú wo ni ó ti rí i, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i. Òǹtẹ̀ lè sọ fún wa pé Fulda ni wọ́n ti ṣe é, ṣùgbọ́n bí ó ṣe dé Leicester, ẹnu ìyá yẹn nìkan ni ó kù.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Leicester

Mo ti lọ. Mo mú búrẹ́dì àti èso díẹ̀ dání, a sì jókòó sí kíṣínì rẹ̀ fún wákàtí méjì. Kò fẹ́ kí n kọ ọ́, ó ní òun fúnra òun ni yóò kọ ọ́. Ojú ìwé kan àtààbọ̀ ni, pẹ̀lú yíǹkì búlúù: orúkọ ọkọ rẹ̀, ẹgbẹ́ ogun rẹ̀, àti pé ó rí àṣíborí náà lẹ́bàá títì nínú oṣù kẹrin 1945, lórí òkìtì ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú rẹ̀ tí àwọn tó juwọ́ sílẹ̀ kó jọ. Ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé e ṣì wà lọ́wọ́ mi. 1958 ni ọjọ́ tó wà lára rẹ̀. Mo ti ká ìwé méjèèjì pọ̀ mọ́ ìwé pẹ́ńsù náà, mo sì fi wọ́n sínú àpò ìwé kan tí mo gbé sí ẹ̀gbẹ́ àṣíborí náà nínú páálí.